Ìwé Tí Adédùntán Fọwọ́ Sí

Ní ọjọ́ tí Matteo kò wá síbi iṣẹ́, kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ fura. Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni. Òtútù ti mú, kùrukùru sì bo ojú ọ̀nà Treviso, ní ilẹ̀ Ítálì, débi pé bọ́ọ̀sì ń rìn bí ẹni tí ń fọwọ́ tálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí Adédùntán wà kì í ṣe ńlá. Òṣìṣẹ́ mọ́kàndínlógójì ni wọ́n, nínú gbọ̀ngàn gígùn kan lẹ́yìn ìlú. Àwo pílásítíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe, irú èyí tí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ń di ẹran àti ẹ̀fọ́ sí. Ènìyàn kò lè ṣe kó má jẹun, nítorí náà nígbà tí ìjọba ń ti ilé-iṣẹ́ pa káàkiri nítorí àrùn kòrónà, tiwọn kò dúró rí. Iṣẹ́ kò dín, ńṣe ló ń pọ̀ sí i, Kérésìmesì sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Matteo ni olórí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kẹta. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í pẹ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, aago mẹ́fà lù, wọn kò rí Matteo. Ó di aago méje, wọn kò gbúròó rẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, Signor Lorenzo, ránṣẹ́ pe Adédùntán wá sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ọmọbìnrin Abẹ́òkúta ni Adédùntán. Ó ti pé ọdún méje tí ó ti wá kàwé ní yunifásítì Padova. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ni ó kà, ó sì yege débi pé àwọn olùkọ́ rẹ̀ dìde fún un. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí níbí ni kí ó máa yẹ àwo wò kí èyí tó lábùkù má bàa jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòrónà dé, tí ìwé òfin bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, Signor Lorenzo kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ lo kàwé jù níbí. Bá mi mójú tó o." Inú Adédùntán dùn nígbà náà. Kò mọ̀ pé ẹrù tí òfin gbé lé agbanisíṣẹ́ lórí kò ṣeé gbé ru òṣìṣẹ́, àti pé ẹni tí ó bá gbé e rù ọ́ ń wá ẹni tí yóò nàka sí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́ ni.

Òfin náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Agbanisíṣẹ́ ni yóò pèsè ìbòmú, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ni yóò máa wá a kiri. Òun ni yóò rí i pé àyè wà láàárín ẹnìkan sí èkejì, pé wọ́n ń wọn ìgbóná ara olúkúlùkù lẹ́nu ọ̀nà, pé afẹ́fẹ́ ń wọlé, àti pé bí àrùn bá mú ẹnìkan, wọn a sọ fún àwọn tí ó súnmọ́ ọn kíá, kí wọ́n lè ya ara wọn sọ́tọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sí ìwé gàdàgbà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fi ọ̀rá bo ìwé náà kí omi má bàa bà á jẹ́. Ìwé ni wọ́n dáàbò bò. Àwọn ènìyàn ńkọ́? Ìbòmú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá fi di ọjọ́bọ̀ yóò ti rí gùdẹ̀gùdẹ̀ bí àkísà ìnuwọ́. Bátìrì ti kú nínú ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbóná ara láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kàn ń nà án sí ènìyàn níwájú orí bí ẹni tó ń súre ni. Àwọn pátákó tí wọ́n fi pààlà láàárín àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kẹta, Signor Lorenzo fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yọ wọ́n nínú oṣù kẹwàá, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí páálí tètè kọjá láti ọwọ́ kan sí ìkejì.

Nígbà tí Adédùntán wọ ọ́fíìsì, ọ̀gá kò sọ pé kó jókòó.

"Matteo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi," ló wí. "Ó ṣe àyẹ̀wò lánàá. Kòrónà ni."

Adédùntán fọwọ́ bo ẹnu lórí ìbòmú rẹ̀. "Ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le. Ọ́fíìsì ìlera ìjọba ti pè. Wọ́n fẹ́ orúkọ àwọn tó súnmọ́ ọn. Lọ kọ ìwé náà wá."

Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ènìyàn mẹ́ta ló ń bá Matteo ṣiṣẹ́ lójú kan náà, èjìká kan èjìká: Sofia, ọmọ Senegal kan tí ń jẹ́ Modou, àti Ọládipọ̀. Ó kọ orúkọ wọn, ó kọ nọ́ńbà fóònù wọn, ó gbé e lọ fún ọ̀gá.

Lorenzo wo ìwé náà, ó sì tì í padà sí i.

"Àwo ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀rọ kẹta ń ṣe lọ́jọ́ kan. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá lọ jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ta ni yóò wà nídìí rẹ̀? Ìwọ?"

"Signor Lorenzo, òfin ni."

"Òfin sọ pé ẹni tó súnmọ́ ọn láìbo imú. Gbogbo wọn ló wọ ìbòmú. Mítà méjì ló wà láàárín wọn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó súnmọ́ ọn."

"Kò sí mítà méjì níbẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí a yọ pátákó."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ohùn kan tí ó máa ń lò bó bá fẹ́ jẹ ènìyàn níyà, ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. "Adédùntán, ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni contratto rẹ parí, àbí? Permesso rẹ náà yóò sì dópin lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ń ronú pé kí n fún ọ ní èyí tí kò lọ́jọ́ òpin. Má jẹ́ kí n tún un rò."

Ẹni tí kò bá gbé ìlú onílùú rí lè sọ pé òun ì bá dìde, kí òun ju ìwé náà sí i lójú. Contratto ni ìwé àdéhùn iṣẹ́, permesso sì ni ìwé tí Adédùntán fi ń gbé ní ilẹ̀ Ítálì, iṣẹ́ ló sì so ó ró. Bí iṣẹ́ bá já, ìwé já, ọdún méje sì wọmi. Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ ìwé mìíràn. Ó kọ ọ́ pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló wọ ìbòmú tó yẹ, pé mítà méjì wà láàárín wọn, pé kò sí ẹnikẹ́ni tó súnmọ́ aláìsàn náà. Ní ìsàlẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Orúkọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ti Lorenzo kò sí.

Èyí burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló burú jù. Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, lẹ́bàá ẹ̀rọ kọfí, nígbà tí Ọládipọ̀ dá a dúró.

Ará Ìsẹ́yìn ni Ọládipọ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún ní Ítálì, mẹ́rìndínlógún nínú rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ kan náà. Nígbà tí Adédùntán kọ́kọ́ dé Treviso, tí àwọn onílé ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù tí wọ́n ń sọ pé yàrá ti tán, Ọládipọ̀ ló bá a wá ibi tó dé sí. Aya rẹ̀, Bùkọ́, ló gbé abọ́ ọbẹ̀ fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà títí ó fi mọ ọ̀nà ọjà. Bí ẹ̀gbọ́n ló ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un.

"Adédùntán," Ọládipọ̀ wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, "Matteo dà?"

"Ara rẹ̀ ni kò yá díẹ̀, sà."

"Àìsàn wo? Má tàn mí o. Èmi àti ọkùnrin yẹn la jọ ń fẹ́ èémí kan náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. O mọ̀ pé ìyàwó mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Bó bá jẹ́ nǹkan yìí ni, sọ fún mi, kí n má wọ yàrá tọ̀ ọ́ lálẹ́ òní."

Adédùntán wo ojú àgbàlagbà náà. Kò sí Lorenzo níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ là, ohun tó sì jáde ni pé, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún."

"Ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀yìn, sà. Ó gbé nǹkan tó wúwo."

Ọládipọ̀ mí kanlẹ̀. "A dúpẹ́." Ó mu kọfí rẹ̀ tán, ó padà sídìí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, òun náà kò wá. Bùkọ́ ló pè, pé ibà ti mú un láti òru. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, kò lè rìn láti yàrá dé ilé ìdáná kó má dúró. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé e lọ. Àrùn mú Bùkọ́ náà, ṣùgbọ́n ó rọra kọjá lára rẹ̀; ó dùbúlẹ̀ sílé, òun nìkan, kò sì sí ẹni tó lè wọlé tọ̀ ọ́. Nílé-iṣẹ́, Sofia àti Modou náà ti ń wúkọ́. Nígbẹ̀yìn, ẹ̀rọ kẹta dúró, bí Lorenzo ṣe yí i po tó.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ohun kan bí ìgò ńlá bo Ọládipọ̀ lórí títí dé ọrùn, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọnú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Tíolúwaní, ń kàwé òfin ní Padova. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, Treviso ni wọ́n bí i sí. Ó fi fídíò kan han Adédùntán lórí fóònù, níbi tí nọ́ọ̀sì ti jẹ́ kí òun àti bàbá òun rí ojú ara wọn. Ọládipọ̀ ń fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ìgò náà, ó ní, "Ṣé ìyá ẹ ti jẹun? Tíolúwaní, ṣé ìyá ẹ ti..." Ọmọ náà kàn ń dá a lóhùn lédè Ítálì bó ti ń ṣe láti kékeré, "Papà, non parlare. Respira." Kó má sọ̀rọ̀ mọ́, kó máa mí. Nǹkan tó ń wí ṣáá nìyẹn. Adédùntán wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan, kò lè wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni Ọládipọ̀ lò níbẹ̀. Ó yè é. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà sọ pé ìdá kan nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti gbẹ, pé kò ní í padà sí bó ti wà.

Ní ilẹ̀ Ítálì, bí òṣìṣẹ́ bá kó kòrónà níbi iṣẹ́, òfin kà á sí ìfarapa níbi iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́. Tíolúwaní mọ èyí dáadáa. Ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́rìí sí i. Èsì tí agbẹjọ́rò Lorenzo kọ dé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Kérésìmesì. Ọmọ náà ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Adédùntán, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ wà ní ọ́fíìsì. Ṣé òótọ́ ni?"

Adédùntán kà á nínú bọ́ọ̀sì. Ìwé náà sọ pé kò sí ẹ̀rí kankan pé níbi iṣẹ́ ni àrùn ti ran Ọládipọ̀. Ó ní gbogbo òfin ààbò ni wọ́n pa mọ́ pátápátá. Ó ní a mọ̀ pé àwọn ará Áfíríkà a máa péjọ púpọ̀ fún ìjọsìn, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ níbẹ̀ ni ó ti kó o. Wọ́n so ẹ̀rí mọ́ ọn: ìwé tó ní kò sí ẹni tó súnmọ́ Matteo, tí a fọwọ́ sí nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ó rí ìfọwọ́sí ara rẹ̀. Ó rí bí ó ṣe fa ìrù A yẹn gùn, bó ti máa ń fà á nígbà tí ó ń gba ìwé ẹ̀rí ní yunifásítì. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó wọ ilé-iṣẹ́, kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọ ọ́fíìsì Lorenzo.

"Ta ló sọ fún yín pé ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Lorenzo gbójú sókè. "Agbẹjọ́rò ló kọ ọ́. Ohun tí wọ́n máa ń kọ nìyẹn."

"Ọkùnrin yẹn kò tẹ ilé ìjọsìn láti oṣù kẹta! Orí fóònù ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń gbàdúrà, wọn kì í ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, torí àìsàn ìyàwó rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló ń lọ. Ibí yìí ni! Ibí tí ẹ ti yọ pátákó, ibí tí ẹ ti ń fi ẹ̀rọ tó ti kú wọn ènìyàn lórí! Ẹ fi àrùn pa á kú dé ìdajì, ẹ tún wá ń fi Ọlọ́run rẹ̀ bú u?"

"Sọ ohùn rẹ kalẹ̀."

"N kò ní sọ ọ́ kalẹ̀."

"Adédùntán." Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn tún dé. "Rántí ẹni tó fọwọ́ síwèé náà. Èmi kọ́."

Ọ̀rọ̀ náà bà á bí ìgbátí. Ìgbà yẹn ló tó yé e ìdí tí wọ́n fi kó ìwé ààbò lé e lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jáde. Ó jókòó sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì fi fóònù pe Matteo.

Matteo ti gbádùn, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nílé. Adédùntán sọ fún un pé "ẹ̀yìn ló ń dùn ún" ni wọ́n sọ fún Ọládipọ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un?" Matteo bèèrè.

"Èmi ni."

"Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Lorenzo ní aago méje ààbọ̀ ọjọ́ yẹn," Matteo wí. "Mo kọ orúkọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní kí ó sọ fún Ọládipọ̀ ṣáájú, torí ìyàwó rẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé òun ti gbọ́, kí n lọ sinmi." Ó húkọ́. "Mo ṣì ní in lórí fóònù mi. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ méjì ni mo ní. Ṣùgbọ́n mò ń fi í ránṣẹ́ sí ọ. Ṣe ohun tó bá yẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọlé kí wọ́n tó parí ìpè. Orúkọ mẹ́ta, kedere, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Adédùntán kò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé Ọládipọ̀, ó dúró nísàlẹ̀, ó ní kí Tíolúwaní sọ̀ kalẹ̀ wá. Ọmọ náà wá, ó dúró síbi tó jìn díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, ìbòmú nímú, ọwọ́ nínú àpò ẹ̀wù òtútù. Adédùntán rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi contratto ṣe àwáwí. Nígbà tó dé ibi ẹ̀rọ kọfí, kò fo ìyẹn náà.

Tíolúwaní kò sunkún. Ó fi èdè Ítálì dá a lóhùn, èdè tí wọ́n fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ní báńkì. "La firma è Sua?" Ṣé tiyín ni ìfọwọ́sí náà?

"Tèmi ni."

"Màmá mi bi bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé kí ni ó ṣe Matteo," ló wí, Yorùbá ló wá fi sọ ọ́. "Wọ́n ní Adédùntán ní ẹ̀yìn ni. Wọ́n ní, bó bá jẹ́ Adédùntán ló sọ ọ́, ó ti parí." Ó yíjú padà, ó gun àtẹ̀gùn lọ. Nígbà tí ó dé òkè, ó sọ̀rọ̀ láìbojú wẹ̀yìn. "Tí ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan kan, ẹ lọ sọ èyí tí ẹ sọ fún mi fún ẹni tó lè fi mú Lorenzo."

Ní ọjọ́ kejì, Adédùntán lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ń mójú tó ààbò àwọn òṣìṣẹ́. Olùbẹ̀wò tó gbà á lálejò ń jẹ́ Giulia, obìnrin tó ti ń hewú, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Kí n tó ní kí o fọwọ́ sí èyí," Giulia wí, "mo ní láti sọ fún ọ. Irọ́ ni ìwé tí o kọ sí àwọn elétò ìlera. Ó lè kan ìwọ náà."

"Mo mọ̀."

"O lè sọ pé wọ́n fi ipá mú ọ."

"Wọ́n fi contratto halẹ̀ mọ́ mi. Ẹ kọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó halẹ̀ mọ́ mi nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí léèrè. Ẹ kọ ìyẹn náà."

Giulia wò ó díẹ̀, ó sì kọ ọ́.

Giulia àti olùbẹ̀wò méjì mìíràn dé ilé-iṣẹ́ náà láìròtẹ́lẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kìíní. Giulia gba ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbóná ara lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó gbé e padà fún un. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ kẹta, ó fi okùn wọn àyè tó wà láàárín ibi tí òṣìṣẹ́ kan ń dúró sí àti ti èkejì: sẹ̀ǹtímítà mọ́kàndínláàádọ́rin. Ó tún wọ̀n ọ́n kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Lorenzo gbé fáìlì kan wá tagbáratagbára, ó ní ẹ̀rí wà pé òun kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ní òfin ààbò, ìfọwọ́sí wọn nìyí. Giulia ṣí i. Ó wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀.

"Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá," ló wí. "Ẹ kọ́ ènìyàn mọ́kàndínlógójì lọ́jọ́ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọjọ́ Àìkú ni, Signor Lorenzo. Ọjọ́ àjọ̀dún Àwọn Ẹni Mímọ́ ni pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ yín kò ṣí." Ó yíjú sí Modou tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. "Ṣé o wá síbí lọ́jọ́ yẹn?"

Ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, ariwo rẹ̀ kún gbọ̀ngàn. Modou wo ọ̀gá, ó wo ilẹ̀, ó wo Sofia. Sofia ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí ti ẹ̀rọ. "Kò sí ẹni tó wá! Wọn kò kọ́ wa ní nǹkan kan rí! Wọ́n ní kí a fọwọ́ sí i ká tó gba ìbòmú!" Nígbà náà ni Modou ní òótọ́ ni. Bí ẹlòmíràn ṣe sọ̀rọ̀ nìyẹn, tí òmíràn tún sọ, títí ẹnìkan fi lọ pa ẹ̀rọ kẹta kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn.

Contratto Adédùntán ti parí nígbà náà, Lorenzo kò sì tún un ṣe. Oṣù mẹ́rin ló fi wà láìníṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí ìwé ìgbélùú rẹ̀, kí olùkọ́ rẹ̀ kan tó bá a rí iṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kan ní Padova. Ní ìgbà ìrúwé, INAIL, àjọ ìjọba tí ń bójú tó àwọn tó fara pa níbi iṣẹ́, gbà pé ibi iṣẹ́ ni Ọládipọ̀ ti kó àrùn. Ọ̀rọ̀ ti Lorenzo di ti ilé ẹjọ́. Ti Adédùntán náà dé ibẹ̀. Owó ìtanràn ni wọ́n bu fún un, ó sì san án láìjiyàn.

Nínú oṣù karùn-ún ni Bùkọ́ pè é pé kí ó wá. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú Ọládipọ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkùnrin náà ti fọn, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti gbòòrò jù ú lọ. Ó jẹ́ kí ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, nítorí pé ó ní láti kó èémí jọ kí ó tó lè sọ ọ̀rọ̀ tó gùn.

"Ìwé tí o kọ kọ́ ló dùn mí," ló wí. "Ọ̀gá lè mú ènìyàn ní tipátipá kọ̀wé. Mo ti rí i rí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bi ọ́. Mo ní kí o má tàn mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé mo ti tàn ọ́ rí?"

"Rárá, sà."

"Dìde. Jókòó." Ó nàka sí àga. "Mi ò ní í purọ́ fún ọ pé inú mi ti rọ̀. Kò tíì rọ̀. Nígbà míràn tí mo bá jí, ìwọ ni mò ń bínú sí, n kì í tilẹ̀ rántí òyìnbó yẹn. Àmọ́ Tíolúwaní sọ fún mi ohun tí o sọ lójú ìjọba, pé o kò yọ ara rẹ sílẹ̀. Ìyẹn náà, mo gbọ́ ọ." Ó mí, ó tún mí. "Bùkọ́, fún un ní oúnjẹ."

Bùkọ́ gbé ìrẹsì wá. Adédùntán jẹ ẹ́.

Ẹjọ́ náà falẹ̀ bí ẹjọ́ ṣe máa ń falẹ̀ ní ilẹ̀ yẹn. Ọdún kejì ti ń parí lọ kí ó tó dé ìdájọ́. Agbẹjọ́rò Lorenzo bá ìjọba dúnàádúrà. Lorenzo gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ fún un, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n náà dúró, ìyẹn ni pé kò ní í lọ bí kò bá tún ṣẹ̀. Kò wọ ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni adájọ́ ka gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Tíolúwaní, tó ti gba oyè òfin nígbà náà, kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ le lórí gègé débi pé ìwé ya.

"Ṣé ó ti tán?" Ọládipọ̀ bi ọmọ rẹ̀.

"È finita, papà."

"Oṣù mẹ́jọ tí kò ní í ṣe." Ó mi orí. "Èmi ti ń ṣe tèmi láti ọdún méjì."

Wọ́n jáde, Adédùntán pẹ̀lú wọn. Àtẹ̀gùn òkúta ilé ẹjọ́ náà ga, ó sì fẹ̀. Ọládipọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ó dúró, ó di irin ẹ̀gbẹ́ mú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Tíolúwaní dì í mú lápá kan, Adédùntán dì í mú lápá kejì. Lorenzo jáde lẹ́yìn wọn pẹ̀lú agbẹjọ́rò rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa ọkọ̀ akẹ́rù kan tó yẹ kó ti dé Verona, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó ń fò lórí àtẹ̀gùn ní méjìméjì, kò sì yà wọ́n wò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró níbẹ̀, wọ́n ń retí kí èémí àgbàlagbà náà padà.